Ọjọ́ Alẹ́ ní Ifẹ̀-Olúkòtún: Kí Ni Àwọn Àgbà Ń Fẹ́?

Àwọn baba wa ní, bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń parí ọ̀rọ̀ nígbàkígbà tí a bá ń jiyàn lórí ìtọ́jú àwọn arúgbó. Àwa kò bá òwe náà jà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a ní: bí ọmọ bá wà ní Èkó, tí ìyá wà ní Ifẹ̀-Olúkòtún, báwo ni ọmú náà yóò ṣe kan ìyá lẹ́nu?

Ilẹ̀ Yàgbà ni Ifẹ̀-Olúkòtún wà, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Yàgbà, ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni ó ń ṣẹlẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Okun. Láti ìgbà tí Thomas Titcombe, míṣọ́nnárì ará Kánádà, ti dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ọdún 1908, ni àwọn ènìyàn wa ti gba ìwé kíkà mọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kàwé tán kì í sábà rí iṣẹ́ nílé. Èkó gbà nínú wọn, Ìlọrin gbà, Kàdúná gbà, Ábújá sì ń gbà títí di òní. Àwọn òbí ni ó ṣẹ́kù. Báyìí ni ọ̀pọ̀ agbo ilé ṣe di ibi tí àgbà nìkan ń gbé, bóyá pẹ̀lú ọmọ-ọmọ kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ wá sílé. Kò sí ẹni tí ó pète rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú àwọn àgbà ni ó ń dà.

Irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi owó gidi kọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1960, oṣù mẹ́sàn-án gbáko kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, agbaṣẹ́ṣe kan tí ń jẹ́ Del Webb ṣí ìlú kan tí ó pè ní Sun City ní ìpínlẹ̀ Arizona. Àwọn tí ó ti ń wọ ọjọ́ ogbó ni a kọ́ ọ fún. Kò sí àyè níbẹ̀ fún ìdílé tí ń tọ́ ọmọ wẹ́wẹ́. Kì í ṣe ilé ìwòsàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ilé aláìní. Olúkúlùkù ra ilé tirẹ̀, ó ń dá oúnjẹ tirẹ̀ sè, ó sì ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Láti ìgbà náà ni irú rẹ̀ ti pọ̀ sí i.

Kí ni àwọn tí ń gbé irú ibẹ̀ ń wí? Ohun tí wọ́n ń yìn jù ni pé kọ́kọ́rọ́ ilé wà lọ́wọ́ wọn, wọn kò di ẹrù lé ọmọ lórí, wọ́n sì ní ojúgbà tí wọn yóò bá sọ̀rọ̀. Ohun tí ń dùn wọ́n ni pé owó rẹ̀ wọ́n, pé ìsìnkú ọ̀rẹ́ kì í tán, àti pé wọn kì í gbọ́ ariwo ọmọdé. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fetí sí èyí: léraléra ni àwọn ará Sun City dìbò tako owó tí a fẹ́ fi kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, títí a fi yọ ìlú wọn kúrò lábẹ́ àgbègbè ilé-ẹ̀kọ́ Peoria tí ó wà tẹ́lẹ̀. Àgbà tí kì í rí ọmọdé kí ó máa lọ sí ilé-ìwé ní òwúrọ̀ lè tètè gbàgbé pé òun náà ti jẹ́ ọmọdé rí.

Èrò àwọn àgbà tiwa kò jìnnà sí tiwọn. Mú ìyá arúgbó lọ sí Èkó, gbé e sí yàrá dáradára ní orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò ní pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ọ̀nà ilé. Kì í ṣe aláìmoore. Gbogbo ilé ti jáde lọ síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. A ti ti ẹnu ọ̀nà pa. Tẹlifíṣọ̀n nìkan ni ó ń bá a sọ̀rọ̀. Ní Ifẹ̀-Olúkòtún, ẹni tí ó ń kọjá yóò kí i ní "Okun o", yóò sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó ní oko ẹ̀yìnkùlé, ó ní ìjókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń gún régé nínú ìpàdé ẹbí. Nílé ọmọ, àlejò ni. Nílé tirẹ̀, ìyá ilé ni.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyí ṣe àwáwí. Ẹni tí ó fẹ́ ìlẹ̀kùn tirẹ̀ kò wí pé kí a má kan ìlẹ̀kùn náà mọ́. Àìsàn òru ń bà wọ́n lẹ́rù. Ilé ìwòsàn Ẹ̀gbẹ̀ ti wà láti ọdún 1952, iṣẹ́ ńlá sì ni ó ti ṣe, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé arúgbó gba ojú ọ̀nà lóru nígbà tí àwọn ajínigbé ti sọ ọ̀nà ilẹ̀ Yàgbà di ibi ìpayà? Ìpayà yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ wálé bí ti àtẹ̀yìnwá.

Àwọn kan ní kí a kọ́ ilé arúgbó káàkiri. Iṣẹ́ àánú ni irú ilé bẹ́ẹ̀, bí Regina Mundi ti Ìjọ Àgùdà ní Múṣin, fún ẹni tí kò ní ẹnìkan. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà Ifẹ̀-Olúkòtún kò ṣàìní ilé. Ilé wọn dúró. Ìtọ́jú ni kò dé ibẹ̀. Ìdúró tiwa ni pé kí a gbé ìtọ́jú tọ àgbà lọ, kí a yé gbé àgbà kiri.

Ọwọ́ ìjọba kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 16, ní kí ìjọba pèsè ìtọ́jú ọjọ́ ogbó àti owó ìfẹ̀yìntì fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè. Abala 6 inú òfin kan náà kò sì jẹ́ kí a lè pe ìjọba lẹ́jọ́ bí ó bá kọ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 wà fún ẹni tí ń gba owó oṣù. Èyí tí a ṣí fún àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ ní 2019 wà fún ẹni tí ó ṣì lágbára láti dá owó. Ìyá tí ó fi iṣu àti ọkà bọ́ ọmọ ìjọba kò sí nínú méjèèjì. Síbẹ̀, Èkìtì tí ó bá wa pààlà bẹ̀rẹ̀ sí san N5,000 lóṣooṣù fún àwọn àgbà tí ó ti pé ọdún 65 ní 2011, nígbà ìjọba Káyọ̀dé Fáyẹmí. Ohun tí a ṣe ní Èkìtì kò yẹ kí ó di èèwọ̀ ní Kogí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, nígbà tí olùdíje bá wá tọrọ ìbò, ẹ bi í ní ohun mẹ́ta: nọ́ọ̀sì wo ni yóò máa wọ ilé àwọn arúgbó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Òfin wo ni yóò sọ owó àgbà di ẹ̀tọ́ tí gómìnà tuntun kò lè fagi lé? Ta ni yóò ṣọ́ ọ̀nà? Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé máa bá àgbà pọn omi, kí àwọn àgbà sì máa kọ́ wọn ní ìtàn àti èdè ìlú wọn. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà lẹ́yìn odi, owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ dára, ṣùgbọ́n owó kì í kan ìlẹ̀kùn béèrè bí a ti jí.

Bí àgbà kò bá sí nílé mọ́, ilé di ahoro. Àwọn tiwa ṣì wà nílé. Ẹ jẹ́ kí a tọ́jú wọn níbẹ̀.