Ìmọ̀ Ìràwọ̀: Ìṣirò Ni Kí Àgbà Akẹ́kọ̀ọ́ Kọ́kọ́ Mú

Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí wọ́n ní iṣẹ́ àti ìdílé, tí ọkàn wọn sì ń fà sí gbígba oyè fásitì nínú ìmọ̀ ìràwọ̀. Ìmọ̀ kì í kọ ọjọ́ orí. Ṣùgbọ́n inú àpò kan náà ni owó ilé-ìwé àgbà àti ti ọmọ ti ń jáde. Nítorí náà, kí ẹ tó san owó, ẹ fi ọdún kan tàbí méjì kọ́ ara yín ní ìṣirò.

Ìtàn ìràwọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà. Wọn kò kọ́ bí a ti ń wọn ohun tó wà lójú ọ̀run. Ní nǹkan bí ọdún 964, Abd al-Rahman al-Sufi, onímọ̀ Mùsùlùmí ní ilẹ̀ Páṣíà, ṣe àkọsílẹ̀ ohun kan tó dà bí ìkùukùu kékeré lójú sánmà. Ojú lásán ni ó fi rí i. Ìgbà tí Edwin Hubble, ará Amẹ́ríkà, ṣírò bí ó ti jìnnà tó ní àwọn ọdún 1920 ni a tó mọ̀ dájú pé àgbájọ ìràwọ̀ mìíràn ni, tó yàtọ̀ sí èyí tí oòrùn wa wà nínú rẹ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Báwo ni a ṣe mọ ìwọ̀n oòrùn? Ayé jìnnà sí oòrùn ní nǹkan bí mílíọ̀nù 150 kìlómítà, ó sì ń yí i po ní nǹkan bí ọjọ́ 365. Bí ẹ bá fi àkókò náà pín gígùn ọ̀nà rẹ̀, ẹ ó rí i pé ayé ń rin nǹkan bí kìlómítà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ sọ eré yìí àti ìjìnnà náà di mítà. Ẹ sọ eré náà di púpọ̀ ní ìlọ́po ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ní ìlọ́po ìjìnnà, kí ẹ wá fi iye òòfà Newton, tí a ń pè ní G, pín in. Èsì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 2 tí òdo 30 tẹ̀ lé, ní kìlógíráàmù.

Áljẹ́bírà àti ìṣirò igun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́gárídíìmù ni ó tẹ̀ lé e, nítorí òun ni a fi ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀. Lẹ́yìn náà, kálíkúlọ́ọ̀sì. Ẹ wá kọ́ físíìsì: ìrìn, òòfà, ooru àti ìmọ́lẹ̀. Ìwé Astronomy ti OpenStax wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọdún 2016. Wákàtí kan lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, pẹ̀lú pẹ́ńsù àti ìwé, tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má kàn máa ka ìdáhùn; ẹ ṣe é fúnra yín. Díẹ̀díẹ̀ ni ọjà fi ń kún.

Ẹ yẹ èsì WAEC tàbí NECO yín wò pẹ̀lú: bí Ìṣirò tàbí Físíìsì kò bá dára, ẹ tún un ṣe. Fásitì Nsukka ní ẹ̀ka Físíìsì àti Ìmọ̀ Ìràwọ̀. NOUN sì ń kọ́ni ní Físíìsì fún ẹni tí iṣẹ́ kò jẹ́ kó kúrò nílùú.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tó wúlò. Àámín.