Ta Ló Ń Kó Ọ̀rá Pamọ́ Sí Wa Lára?

Ní Sátidé kan, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìdímù, níbi tó ti ń ta aṣọ ọmọdé. Ojú rẹ̀ ti wọnú, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ọjọ́ mẹ́rin ló ti ń mu tíì kan tí wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ó ń yọ́ ọ̀rá, tó sì ń sáré lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣáá.

"Kílò méjì ti lọ," ló wí. "Ọ̀rá ló ń jáde yẹn."

"Àǹtí mi, omi ni."

Kí ẹ tó fi í rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé àtọ̀gbẹ ló gba ẹsẹ̀ ọ̀tún màmá wa. Ẹ̀rù ló mú un ra tíì yẹn.

Ẹ fi búrẹ́dì sẹ́nu, kí ẹ máa rún un láìgbé e mì. Tó bá pẹ́ díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn bíi ṣúgà. Ẹ́ńsáìmù inú itọ́ ló ń gé e sí wẹ́wẹ́. Òṣìṣẹ́ kékeré ni ẹ́ńsáìmù, kálukú ló sì ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Irú rẹ̀ kan wà lára iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó gba inú ọ̀rá ara wa kọjá: lipoprotein lipase. Tí ẹ bá jẹ ẹ̀bà àti ẹ̀gúsí tí epo léfòó lórí rẹ̀, epo yẹn á wọ inú ẹ̀jẹ̀ ní ìdì-ìdì. Ìdì náà tóbi ju ohun tó lè wọnú sẹ́ẹ̀lì lọ. Ẹ́ńsáìmù yìí ló máa tú u kó lè ráyè wọlé. Àwọn mìíràn tó wà nínú á tún un so pọ̀ ní mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n á sì tò ó pamọ́.

Ẹ̀bà náà ò jókòó lásán. Ṣúgà tó ti ara rẹ̀ wá ń mú kí ínsúlínì jáde. Ínsúlínì á ní kí àwọn tó ń kó ọ̀rá wọlé tẹra mọ́ṣẹ́, á sì dá àwọn tó ń kó o jáde dúró.

Ara tún lè fi ṣúgà ṣe ọ̀rá. Fatty acid synthase ló wà nídìí iṣẹ́ yìí. Palmitic acid ló sì máa ń ṣe jáde jù, ohun kan náà tó pọ̀ nínú epo pupa wa, tí orúkọ rẹ̀ ti ara ọ̀pẹ wá. Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gan-an rò tẹ́lẹ̀ pé nínú ọ̀rá ẹni tó sanra, ẹ́ńsáìmù yìí á máa ṣiṣẹ́ bí ẹ̀rọ ìlọta. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2010, àwọn olùwádìí ní Spéènì kọ ọ́ pé nínú ọ̀rá ikùn àwọn tó sanra jù, jíìnì ẹ́ńsáìmù yìí ń ṣiṣẹ́ kéré sí ti àwọn tí kò sanra.

Àká ló ti kún. Sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá tó ti wú kì í gbọ́ràn sí ínsúlínì lẹ́nu dáadáa mọ́. Ọ̀rá tí kò ráyè níbẹ̀ á lọ máa kó jọ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan ara. Ọ̀kan lára ọ̀nà tí àtọ̀gbẹ ń gbà wọlé nìyẹn.

Tíì yẹn ńkọ́? Ewé senna ló wà nínú ọ̀pọ̀ irú wọn. Ìfun ló ń tì, omi àti iyọ̀ ara ló sì ń dà jáde. Ọ̀rá tó wà nínú àká kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni mu tíì. Ìgbà tí ara bá nílò agbára ju ohun tí a jẹ lọ ni àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń kó o jáde máa ń rí iṣẹ́ ṣe.

Ní Mọ́ńdè, a lọ yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó ga díẹ̀, kò tíì di àtọ̀gbẹ. Ó dín òkèlè kù, ó dín epo kù, kò sì wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá délé mọ́, ẹsẹ̀ ló ń fi rìn.

Lẹ́yìn oṣù kan, ó pè mí tìbínú-tìbínú. "Kílò kan péré! Tíì yẹn ṣe méjì lọ́jọ́ mẹ́rin!"

Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ mu omi ife mẹ́rin, kí ẹ wò ó bóyá kílò yẹn á padà wá lọ́la."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín.