Ihò Omi Lọ̀rọ̀ Ọgbà Orí Dẹ́kìn Wà

Ní Patte d'Oie, àdúgbò kan ní ìhà gúúsù Ouagadougou, oòrùn oṣù kẹta àti ìkẹrin lè ju ìwọ̀n 40 Celsius lọ. Dẹ́kìn á mu ooru yó lọ́sàn-án, á wá máa pọ̀ ọ́ lé ẹni tó sùn lábẹ́ rẹ̀ lórí mọ́jú. Ìdí nìyí tí ọgbà orí dẹ́kìn fi ń wuni.

Ẹni tó bá mọ àmù amọ̀ ti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Àmù ń làágùn lára, omi inú rẹ̀ ń tutù. Ewéko náà ń fa omi láti inú iyẹ̀pẹ̀, ó ń tú u síta lójú ewé, ooru tí ì bá wọ yàrá ni omi yẹn ń gbé lọ. Nísàlẹ̀ ọgbà náà pátápátá, ọ̀dà tí omi ò lè là kọjá ló wà. Ọ̀rá tó nípọn tí gbòǹgbò ò lè lu tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà òkúta wẹ́wẹ́, aṣọ àsẹ́, kí iyẹ̀pẹ̀ tó wá gbẹ̀yìn. Iyẹ̀pẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 10 tó ti rin gbingbin lè wúwo tó kílò 150 sí 200 lórí mítà kan níbùú lóròó. Ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà wo dẹ́kìn yín kí iyẹ̀pẹ̀ tó gòkè. Ti páànù, ẹ má dán an wò.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, òjò mìlímítà 263 rọ̀ sí Ouagadougou láàárín wákàtí mélòó kan. Lórí dẹ́kìn tó fẹ̀ ní mítà 5, tó sì gùn ní mítà 8, omi yẹn ju lítà 10,000 lọ. Bí ihò tí omi ń gbà kúrò lórí dẹ́kìn bá dí, ẹ ti gbé odò sórí ilé nìyẹn. Nítorí náà, nínú oṣù karùn-ún, kí òjò tó fìdí múlẹ̀, ẹ ki ọwọ́ bọ ihò náà. Ewé gbígbẹ, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, kóró dóńgóyárò: gbogbo wọn lẹ máa bá níbẹ̀. Ẹ fi òkúta nìkan yí i ká, kí ẹ má fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ẹ da omi báàkẹ́ẹ̀tì kan síbẹ̀. Bó bá dúró tó ń wojú yín, ẹ tún ki ọwọ́ bọ ihò náà.

Ẹyẹ àti àdán tún máa ń gbin igi tiwọn síbẹ̀. Ẹ fa ọ̀dán tu nígbà tó ṣì ní ewé méjì. Bó bá ga tó orúnkún, gbòǹgbò rẹ̀ ti ń bèèrè ọ̀nà pálọ̀.

Ọ̀já ìkookò, àbámodá àti pápàsán ló lè fara da ibẹ̀. Pápá tútù bíi ti gọ́ọ̀fù, ìnáwó lásán ni. Ẹni tí kò ráyè ìtọ́jú, kó kun dẹ́kìn rẹ̀ ní funfun, ìyẹn náà ń dá oòrùn padà. Àmọ́ ọgbà ń fẹ́ omi, bẹ́ẹ̀ láti oṣù kọkànlá sí ìkẹrin, òjò ò fẹ́ẹ̀ sí. Ibi tí iyẹ̀pẹ̀ bá ti jìn, nínú àpótí, ẹ ri ìkòkò amọ̀ tí wọn ò kùn mọ́lẹ̀ dé ọrùn, kí ẹ pọn omi kún un. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá ń gbẹ, á máa fa omi lára ìkòkò díẹ̀díẹ̀. Bó bá tutù, á dáwọ́ dúró. Ẹ dé e, kí ẹ̀fọn má baà sọ ọ́ di ilé.