Láfún kọ́ lọ̀tá: ìṣirò oúnjẹ fún ẹni tó fẹ́ dín sísanra kù ní ilẹ̀ Yewa

Ìmọ̀ràn tí wọ́n sábà máa ń fún ẹni tó sanra jù ní Ìlaró tàbí Ayétòrò ni pé kí ó jáwọ́ nínú òkèlè, pàápàá láfún, tí í ṣe oúnjẹ òòjọ́ ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀. Ìmọ̀ràn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé iye okun tó wọ inú ara àti iye tí ara ń ná ló ń pinnu bí ènìyàn yóò ṣe wúwo tó, kì í ṣe orúkọ oúnjẹ. Kálórì ni òṣùwọ̀n okun yìí, ọ̀kan rẹ̀ sì tó láti mú kìlógíráàmù omi kan gbóná sí i ní ìwọ̀n Celsius kan. Gíráàmù kan oúnjẹ afáralókun, irú èyí tó wà nínú gbágùúdá àti iṣu, ní kálórì 4. Amúaradàgbà, ti ẹja àti ẹ̀wà, ní 4 bákan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rá ní 9.

Ìlànà tí Mifflin, St Jeor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ jáde ní 1990 fi hàn pé obìnrin ẹni 40 ọdún, tó wọn kìlógíráàmù 80 tó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 160, ń ná nǹkan bíi kálórì 1,440 lójúmọ́ bí kò tilẹ̀ dìde lórí ibùsùn. Bí ó bá ń jókòó tajà ní Ìlaró, a ó sọ iye yìí di ìlọ́po 1.4, yóò sì tó nǹkan bíi 2,000. Bí ó bá ń roko ní Ayétòrò, ìlọ́po 1.8 yóò gbé e dé nǹkan bíi 2,600. Ìlànà oúnjẹ orí WhatsApp tó ní kí gbogbo obìnrin máa jẹ 1,200 kò mọ ìyàtọ̀ ọlọ́jà sí àgbẹ̀.

Bí ọlọ́jà náà bá yọ 500 kúrò, yóò ku 1,500. Bí ara ṣe ń fúyẹ́ ni ìnáwó okun rẹ̀ náà ń dín kù, gẹ́gẹ́ bí Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ṣàlàyé ní 2011, ìdí nìyí tí ìwúwo fi ń yára wálẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ tí ó sì ń falẹ̀ bí oṣù ti ń gorí oṣù, tí ó fi yẹ kí a máa tún ìṣirò náà ṣe.

Nínú 1,500 yìí, amúaradàgbà ló yẹ kí a kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀, nítorí pé ara tí oúnjẹ kò kárí máa ń jẹ ẹran ara rẹ̀ mọ́ ọ̀rá, amúaradàgbà sì ni kì í jẹ́ kí ẹran ara náà jò púpọ̀, tí kì í sì í jẹ́ kí ebi tètè pani. Gíráàmù 80 rẹ̀ jẹ́ kálórì 320, gíráàmù 50 ọ̀rá jẹ́ 450, èyí tó ṣẹ́ kù yóò sì tó nǹkan bíi gíráàmù 180 afáralókun. Gíráàmù 200 ìyẹ̀fun láfún, kí a tó rò ó, ní nǹkan bíi kálórì 700, nítorí náà ó lè wọ inú ìṣirò yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan ni yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ẹ̀tọ́ afáralókun ọjọ́ náà, amúaradàgbà rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Níbi epo ni ìṣirò ti sábà máa ń yẹ̀. Ṣíbí ìjẹun kan epo pupa tó nǹkan bíi kálórì 120, mẹ́rin sì ti kọjá ẹ̀tọ́ ọ̀rá òòjọ́. Síbẹ̀ ẹni tó ń ka iye òkèlè tó bù kì í ka epo tó léfòó lójú ọbẹ̀, bóyá nítorí pé kò dà bí oúnjẹ lójú rẹ̀. Ẹ̀pà náà ń tan ènìyàn jẹ: amúaradàgbà rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rá gba nǹkan bí ìdajì rẹ̀. Ẹ̀wà ló sàn jù fún ẹni tí owó ẹran kò ká, torí pé gíráàmù 100 rẹ̀ ní gbígbẹ ní amúaradàgbà tó lé ní 20, mọ́ínmọ́ín sì fúyẹ́ ju àkàrà lọ.

Frank Sacks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín ènìyàn 811 sí oríṣi ìpín oúnjẹ mẹ́rin fún ọdún méjì, wọ́n sì rí i ní 2009 pé ìwúwo tó bọ́ lára wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ní 2018, Christopher Gardner rí irú èsì kan náà láàárín ènìyàn 609 tó jẹun fún ọdún kan, àwọn kan pẹ̀lú ọ̀rá díẹ̀, àwọn yòókù pẹ̀lú afáralókun díẹ̀. Ìpín tí ènìyàn lè bá lọ fún ọdún kan láìsá fún ìkòkò ilé rẹ̀ ló dára jù, bí láfún tilẹ̀ wà níbẹ̀. Aboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú àti ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ dín oúnjẹ kù láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ rí oníṣègùn.