Súìṣì Iná Abẹ́ Ilẹ̀: Èyí Tí Ó Yẹ Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga ní Lekki àti Ajah

Ilẹ̀ tóóró tí ó wà láàárín Ọ̀sà Èkó àti Òkun Àtìláńtíìkì ti di ibùjókòó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Lagos Business School wà ní Ajah. Pan-Atlantic University, tí ilé-ẹ̀kọ́ náà jẹ́ apá kan rẹ̀, sì wà níwájú ní Ìbẹ̀jú-Lekki. Níbi tí yàrá ẹ̀kọ́, ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ilé ìtọ́jú aláìsàn bá wà nínú ọgbà kan, ó sàn kí a ri wáyà iná mànàmáná mọ́ ilẹ̀ ju kí a nà án sórí òpó lọ, nítorí ìjì àti iyọ̀ òkun.

Iná tí ilé-iṣẹ́ apínná ń fi ránṣẹ́ sí irú ọgbà bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ fólìtì 11,000 tàbí 33,000. Kí ó tó dé inú tàráńsífọ́mà tí yóò sọ ọ́ di 415, ó ní láti gba inú àpótí irin kan kọjá. Àpótí yìí ni súìṣì tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Òun ni ó ń gé iná nígbà ewu, òun ni ó sì ń so wáyà mọ́ ilẹ̀ kí òṣìṣẹ́ tó fọwọ́ kàn án.

Bí wáyà kan ṣoṣo bá ń lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìkẹyìn, ibi tí ó bá ti bàjẹ́, gbogbo ilé tí ó wà níwájú ibẹ̀ yóò wọ òkùnkùn. Wáyà abẹ́ ilẹ̀ tí katakata bá gé kì í sì í ṣe ohun tí à ń tún ṣe ní kíá: a ó wá ojú ibi náà, a ó gbẹ́ ilẹ̀, a ó tún un so. Ní oṣù Òkúdu, omi ni yóò kọ́kọ́ kún kòtò náà kí oníṣẹ́ tó wọ inú rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń na wáyà ní òbìrìkìtì, kí iná lè gba ọ̀tún tàbí òsì dé ilé kọ̀ọ̀kan. Súìṣì mẹ́ta ni yóò wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan fún wáyà tí ó wọlé, ọ̀kan fún èyí tí ó jáde, ẹ̀kẹta fún tàráńsífọ́mà. Bí apá kan bá bàjẹ́, a ó já a kúrò ní ìhà méjèèjì, ilé ìtọ́jú aláìsàn yóò sì máa rí iná láti ìhà kejì nígbà tí àwọn oníṣẹ́ ń gbẹ́ ilẹ̀.

Irú èwo ni kí a rà? Èyí tí a ń bu epo sí nínú láyé àtijọ́ lè gbiná. Èyí tí afẹ́fẹ́ lásán wà nínú rẹ̀ kò wọ́n, àtúnṣe rẹ̀ kò sì nira, ṣùgbọ́n iyọ̀ àti ọ̀rinrin Lekki yóò bà lé e lára, iná yóò sì máa rá lórí ìdọ̀tí náà títí yóò fi bú. Ní èrò tiwa, èyí tí a dí pa pátápátá ni ó yẹ, tí gígé iná rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nínú ìgò òfìfo. Ọ̀pọ̀ irú wọn ni a fi gáàsì SF6 kún. Gáàsì yìí kì í gbiná, ṣùgbọ́n bí ó bá jò, ó ń mú ayé gbóná ju gáàsì tí à ń mí síta lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 23,000. Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de lílo irú rẹ̀ tuntun, títí dé fólìtì 24,000, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Òfin náà kò de Nàìjíríà, ṣùgbọ́n súìṣì lè lo 30 ọdún. Kí ẹni tí yóò rà á béèrè ibi tí yóò ti rí ẹ̀yà ara rẹ̀ ní ọdún 2045.

Fún iná 11,000, kí a rí 12,000 lára súìṣì. Fún 33,000, kí a rí 36,000.

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ ṣe pàtàkì jù. Súìṣì gbọ́dọ̀ ní ìdè tí kì yóò jẹ́ kí iná jẹnẹrétọ̀ pàdé iná ìta láé, nítorí òṣìṣẹ́ tí ń tún wáyà ṣe lójú pópó, tí ó gbà pé kò sí iná, ni iná ọgbà náà yóò pa.

Kí pẹpẹ kọnkéré tí a óò gbé àpótí lé ga ju ibi gíga jù lọ tí omi òjò ti dé rí, kí a sì dí ihò tí wáyà gbà wọlé. Àpótí náà lè kọ omi, ṣùgbọ́n àwọn wáyà tín-ín-rín tí ń darí rẹ̀ kò lè kọ̀ ọ́.