Ṣé o mọ̀? Oríta inú ikùn kò rí bákan náà

Ṣé o mọ̀ pé aorta, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tóbi jù lọ nínú ara, ń sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkàn gba iwájú egungun ẹ̀yìn, ó sì ń pín sí méjì ní nǹkan bí ọ̀gangan ìdodo? Kó tó débẹ̀, ó ń yà lọ́tùn-ún lósì, bí ọ̀nà Ìbàdàn ṣe ń yà ní Gbọ̀ngán: ọ̀kan forí lé Òṣogbo, èkejì forí lé Ilé-Ifẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé kíndìnrín kan ṣoṣo lè ní iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta? Ọ̀kan ni ìwé ìṣègùn sọ. Síbẹ̀, kó èèyàn mẹ́wàá jọ lọ́jà Gbọ̀ngán, ó ṣeé ṣe kí méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn ní àfikún, kí wọ́n má sì mọ̀ títí dọjọ́ alẹ́.

Ṣé o mọ ohun tó fà á? Nínú oyún, ìsàlẹ̀ ìbàdí ni kíndìnrín ti bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń gòkè, ó ń já iṣan àtijọ́ sílẹ̀, ó ń mú tuntun. Èyí tí kò bá já ló di àfikún.

Ṣé o mọ̀ pé kíndìnrín méjèèjì lè lẹ̀ mọ́ra nísàlẹ̀? Ẹ̀ka aorta tó ń bọ́ apá ìparí ìfun ló máa ń dá wọn dúró, wọn ò ní lè gòkè mọ́. Nǹkan bí ẹnì kan nínú 500 ló rí bẹ́ẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé lọ́dún 1955, onímọ̀ nípa ẹ̀yà ara kan tó ń jẹ́ Michels kọ ìròyìn nípa òkú 200 tó yẹ̀ wò, tó sì rí i pé iṣan ẹ̀dọ̀ nǹkan bí 55 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló tẹ̀ lé ohun tí ìwé sọ? Lára àwọn kan nínú ìyókù, ara ẹ̀ka tó ń bọ́ ìfun ni ẹ̀dọ̀ ti ń gba ẹ̀jẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé láàárín ìbejì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ìpààrọ̀ kíndìnrín láṣeyọrí? Ní Boston, lọ́dún 1954, Ronald Herrick fún Richard ìkejì rẹ̀ ní ọ̀kan. Ọdún 2000 ni irú iṣẹ́ abẹ náà bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn St. Nicholas, Èkó. Kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kan ẹni tó fẹ́ fi kíndìnrín tọrẹ, dókítà gbọ́dọ̀ ka iṣan kíndìnrín rẹ̀, nítorí iṣan kọ̀ọ̀kan ló ní apá kíndìnrín tó ń bọ́. Bí wọ́n bá gé e dànù, apá yẹn á kú.

Nítorí náà, bí síkáànì bá fi hàn pé ẹ̀ka tìrẹ yàtọ̀, má fòyà: ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n tọ́jú ìwé èsì síkáànì náà, kí o sì fi han dókítà yòówù tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ọ.