Ẹjọ́ Ọtí Lọ́rùn Ẹni Tó Fẹ́ Ṣe Sójà Amẹ́ríkà

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi rí pé ó mutí wakọ̀ ṣì lè di sójà, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ kò ní tẹ́jú bíi ti ẹni tí kò ní ẹjọ́ kankan lọ́rùn. Orúkọ ẹ̀sùn náà yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀: DUI ni wọ́n ń pè é níbì kan, DWI níbòmíràn. Ìwọ̀n tí òfin fi ń mú awakọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Bí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ bá ti tó 0.08 nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀ràn ti dé nìyẹn. Utah nìkan ló rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ sí 0.05, láti ìparí ọdún 2018. Ti ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 21 tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìwọ̀nba ọtí díẹ̀ ti tó láti gbé e dé kóòtù.

Pentagon, ilé iṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà, ní òṣùwọ̀n tirẹ̀ tó fi ń wọn ẹ̀ṣẹ̀. Ìsọ̀rí mẹ́rin ló pín wọn sí: ẹ̀ṣẹ̀ ojú títì, ẹ̀ṣẹ̀ kéékèèké mìíràn, ìwà àìtọ́, àti ìwà àìtọ́ ńlá. Ìsọ̀rí kẹta ni mímutí wakọ̀ wà. Ibí yìí ló ti ń ya ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lẹ́nu. Ní New Jersey, òfin ìpínlẹ̀ kò ka DWI sí ìwà ọ̀daràn. Ẹ̀ṣẹ̀ ojú títì ni. Ọmọ ibẹ̀ lè máa rò pé tíkẹ́ẹ̀tì lásán ni òun gbà, ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn ṣe ni àwọn ológun ń wò, kì í ṣe orúkọ tí ìpínlẹ̀ sọ ọ́. Ẹni tó bá ní irú ìwà àìtọ́ bẹ́ẹ̀ méjì, tàbí ẹyọ kan pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀ kéékèèké mẹ́rin, kò lè wọlé láìgba ìyọ̀ǹda pàtàkì. Ẹ̀ka ológun kọ̀ọ̀kan sì lè mú òfin tirẹ̀ le ju èyí lọ.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti di ọ̀ràn ńlá, èyí tí wọ́n ń pè ní felony, ó ti yàtọ̀ pátápátá. Ní New York, ẹni tó bá tún ṣẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kejì láàárín ọdún mẹ́wàá ti bọ́ sábẹ́ ọ̀ràn ńlá. Òfin ìjọba àpapọ̀ kò gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ láyè láti wọṣẹ́ sójà, àfi bí akọ̀wé àgbà ẹ̀ka tó fẹ́ wọ̀ bá rí ìdí pàtàkì láti ṣàánú rẹ̀.

Ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì parí, tàbí tó wà lábẹ́ ìṣọ́ ilé ẹjọ́, kò tíì lè forúkọ sílẹ̀ rárá. Láyé àtijọ́, adájọ́ mìíràn a máa fi ọ̀dọ́ sí ipò kó yan ẹ̀wọ̀n tàbí ogun. Ìyẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀. Sójà tó ń gbani síṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni bẹ adájọ́ kí wọ́n lè fagi lé ẹ̀sùn.

Ìyọ̀ǹda kì í ṣe ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń wá a á kó ìwé jọ: ìròyìn ọlọ́pàá, ìdájọ́ kóòtù, rìsíìtì owó ìtanràn, ẹ̀rí pé ó parí ẹ̀kọ́ nípa ọtí tí adájọ́ ní kó lọ ṣe, àti lẹ́tà àwọn tó mọ ìwà rẹ̀. Wọ́n á wo ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀, bó ti pẹ́ tó, àti ohun tó ti fi ayé rẹ̀ ṣe látìgbà náà. Àsìkò náà ń kó ipa tirẹ̀: nígbà ogun Iraq, ní 2006 àti 2007, ẹgbẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ fọwọ́ sí ìyọ̀ǹda púpọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ohun tó ń ba ti ọ̀pọ̀ jẹ́ ju ọtí lọ ni fífi ọ̀rọ̀ pamọ́. Lọ́yà lè ti sọ fún ènìyàn pé kóòtù ti pa àkọsílẹ̀ rẹ̀ rẹ́. Òótọ́ ni lójú agbanisíṣẹ́ lásán. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù SF-86, tí wọ́n fi ń yẹ ìgbẹ́kẹ̀lé ènìyàn wò, béèrè bóyá wọ́n ti fi ẹ̀sùn ọtí tàbí oògùn olóró kàn án rí, láìní gbèdéke ọdún, ó sì fẹ́ mọ èyí tí kóòtù pa rẹ́ pàápàá. Wọ́n á gba ìtẹ̀ka rẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí àjọ FBI. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ẹni tó fi irọ́ wọṣẹ́ ti rú òfin ológun. Wọ́n lè lé e, wọ́n sì lè gbé e lọ sí kóòtù àwọn sójà.

Ẹni tó wọlé pàápàá lè rí i pé àwọn iṣẹ́ kan ti bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, pàápàá iṣẹ́ àṣírí ìjọba àti iṣẹ́ awakọ̀. Bí dókítà bá ti kọ ọ́ rí pé ọtí ti di àìsàn sí i lára, ìyẹn tún di ọ̀ràn ìlera.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀ gan-an, nítorí iṣẹ́ ológun máa ń mú kí ẹni tó ní grín káàdì tètè di ọmọ onílùú. Láti 2019, ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi DUI lẹ́ẹ̀mejì ní sáà tí òfin ń yẹ̀ wò ni wọ́n ń kà sí ẹni tí ìwà rẹ̀ kò tó láti di ọmọ onílùú, àfi bó bá lè fi ẹ̀rí mìíràn hàn. Nítorí náà, kí ẹni tó ní irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ rí lọ́yà tó mọ òfin ìwọ̀lú kó tó buwọ́ lu ìwé kankan.